Ojú ló ń rí kí ẹnu tó pè é: ìtàn orúkọ igi, ẹyẹ àti ẹranko ní àwọn ìlú ńlá Índíà

1. Ìfáàrà

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ìlú Delhi láti lọ kẹ́kọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ Híńdì tí mo gbọ́ kò tó mẹ́wàá. Ohun tí mo kọ́kọ́ dá mọ̀ níbẹ̀ kì í ṣe ènìyàn, igi ni. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé tí mo gba yàrá sí, igi ńlá kan wà tó jọ òdán tí a máa ń rí ní ojú ọjà lọ́dọ̀ wa ní Kétu. Àwọn àgbàlagbà ń gba atẹ́gùn lábẹ́ rẹ̀, ẹni tó ń tún bàtà ṣe pàtẹ sí ìdí rẹ̀, ẹnìkan sì ti fi òwú pupa àti funfun yí i ká. Mo bi ìyá onílé mi pé kí ni wọ́n ń pe igi náà. Ó ní bargad ni. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tó wà ní ilé ìwé gíga nígbà náà, ní banyan ni. Ìyá náà wo ọmọ rẹ̀, ó ní: "Ìyẹn ni orúkọ tí àwọn àlejò fún un."

Gbólóhùn yẹn ni mo gbé lọ́wọ́ fún ọdún méjì tí mo lò níbẹ̀, òun náà ló sì bí ìwé yìí. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé orúkọ tí à ń pe igi àti ẹranko jẹ́ àkọsílẹ̀ ìtàn. Ó ń sọ ẹni tó ń wò fún wa, ibi tó dúró sí, àti ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ nígbà tó ń wò. Ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ yìí kò lè dá dúró. Bí ohun tí à ń pè bá kúrò lójú, orúkọ rẹ̀ lè wà lẹ́nu síbẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní jẹ́ ọ̀rọ̀ kan náà mọ́. Índíà ni mo ti mú àpẹẹrẹ mi. Ní ìparí, n ó padà sí Kétu, nítorí ọ̀rọ̀ náà kàn wá.

2. Igi tí wọ́n fi orúkọ oníṣòwò pè

Àwọn onímọ̀ nípa ewéko ń pe igi yìí ní Ficus benghalensis. Ẹbí kan náà ni òun àti òdán àti ọ̀pọ̀tọ́ tiwa. Láti ara ẹ̀ka rẹ̀ ni gbòǹgbò ti ń fà sísàlẹ̀. Bí ó bá kan ilẹ̀, á nípọn títí yóò fi dà bí ìdí igi mìíràn. Ohun tí àwọn tó ń sọ Sáńsíkíríìtì rí nìyẹn, wọ́n sì sọ ọ́ ní nyagrodha, èyí tó túmọ̀ sí ohun tó ń hù lọ sísàlẹ̀. Wọ́n tún ń pè é ní vaṭa, láti inú èyí tí Híńdì ti rí baṛ. Àwọn Támílì ní tiwọn ń pè é ní ālamaram. Maram níbẹ̀ ni igi.

Kò sí èyí tó jọ banyan nínú gbogbo wọn. Níbo wá ni banyan ti wá? Ní èdè Gujarati, vāṇiyo ni ẹni tó wá láti ìdílé àwọn oníṣòwò. Àwọn Potogí gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ará etíkun, wọ́n sọ ọ́ di banian. Ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, àwọn arìnrìn-àjò láti Yúróòpù dé èbúté Gombroon ní ilẹ̀ Páṣíà, ibi tí à ń pè ní Bandar Abbas lónìí. Wọ́n rí igi kan níbẹ̀ tí àwọn oníṣòwò láti Índíà ń jókòó sábẹ́ rẹ̀, tí wọ́n sì kọ́ ilé òrìṣà kékeré sí. Wọ́n pè é ní igi àwọn banian. Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ "àwọn" já sílẹ̀, orúkọ ènìyàn sì di orúkọ igi. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé e padà lọ sí Índíà, ibi tí igi náà ti ń jẹ́ orúkọ mìíràn fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Nígbà tí Yule àti Burnell tẹ ìwé atúmọ̀ wọn, Hobson-Jobson, jáde ní 1886, ìtàn yìí wà nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi orúkọ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹni tó sọ ọ́ ní nyagrodha wo gbòǹgbò. Ẹni tó sọ ọ́ ní banyan wo àwọn tó jókòó. Onílé wo igi, àlejò wo ọjà. Síbẹ̀, orúkọ àlejò kò parọ́. Láàárín ọdún 1850 sí 1860, abẹ́ àwọn igi banyan níwájú gbọ̀ngàn ìlú Bombay ni àwọn alágbàtà ìpín okòwò ti máa ń pàdé. Ní 1875 wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, ẹgbẹ́ náà ló sì di ọjà ìpín okòwò tí gbogbo ayé mọ̀ lónìí.

Ohun mìíràn wà tí àlejò kò rí. Ní Maharashtra àti Gujarat, ní ọjọ́ òṣùpá àrànmọ́jú nínú oṣù Jyeshtha, àwọn obìnrin tó wà nílé ọkọ máa ń gbààwẹ̀, wọ́n á sì fi òwú yí ìdí igi náà ká bí wọ́n ṣe ń rìn yí i po. Savitri ni wọ́n ń rántí, obìnrin tó fi ọgbọ́n ẹnu gba ọkọ rẹ̀ Satyavan padà lọ́wọ́ Yama, ọba ikú. Ìdí tí wọ́n fi yan igi yìí kò ṣòroó mọ̀. Nínú ọgbà ewéko tó wà ní Howrah, nítòsí Kolkata, ọ̀kan wà tí àrùn olú mú ní ìdí. Ní 1925 wọ́n gé ìdí náà kúrò pátápátá. Igi náà kò kú. Gbòǹgbò tó ti fà sílẹ̀ láti ẹ̀ka ló gbé e dúró, ilẹ̀ tó sì bò lónìí súnmọ́ héktà méjì. Ẹni tó bá ń tọrọ ẹ̀mí gígùn fún ọkọ rẹ̀ lábẹ́ irú igi bẹ́ẹ̀ mọ ohun tó ń wò.

Mo wà ní Mumbai ní ọjọ́ ọdún yìí. Ní àdúgbò tí mo dé sí, wọ́n ti gé igi láti fẹ títì. Àwọn obìnrin kò rí ìdí igi tí wọn yóò yí ká, nítorí náà wọ́n lọ sọ́jà lọ ra ẹ̀ka, wọ́n gbé e sínú ìkòkò nínú ilé, wọ́n sì so òwú mọ́ ọn. Ẹ̀ka kún kẹ̀kẹ́ àwọn tó ń tà á. Àṣà tó ti dáàbò bo igi láti ìgbà pípẹ́ ti wá di ohun tí wọ́n ń gé e fún.

3. Igi ọba

N kò ní pẹ́ lórí pīpal, Ficus religiosa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló lókìkí jù. Abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n gbà pé Búdà ti rí ìmọ́lẹ̀ ní Bodh Gaya. Ìtàn àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ní Sri Lanka sọ pé Sanghamitta, ọmọbìnrin Ọba Ashoka, ló gbé ọ̀kan nínú ẹ̀ka rẹ̀ lọ sí Anuradhapura ní ọ̀rúndún kẹta ṣáájú ìbí Kristi, igi náà sì wà níbẹ̀ títí dòní. Orúkọ rẹ̀ lẹ́nu àwọn Támílì, arasamaram, túmọ̀ sí igi ọba.

Ohun tó wù mí láti sọ ni bó ṣe ń gbé ìlú. Ẹyẹ á jẹ èso rẹ̀, á su hóró rẹ̀ sára ògiri, igi á sì hù láàárín bíríkì. Ní Delhi àtijọ́, mo rí i ní orí òrùlé, lára fèrèsé, nínú ihò ojú omi. Onílé mọ̀ pé gbòǹgbò náà yóò la ògiri òun, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ kò jẹ́ fà á tu pẹ̀lú ọwọ́ ara wọn. Ẹni tó ti rí bí àwọn àgbà wa ṣe ń yẹ̀ fún ìrókò ní Ṣábẹ̀ẹ́ tàbí ní Àjàṣẹ́ kò ní béèrè ìdí.

4. Ẹyẹ kan, ohùn kan, ọ̀rọ̀ mẹ́rin

Ẹ jẹ́ kí a kúrò lórí igi, kí a bọ́ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ba lé e. Ẹyẹ ìwò ìlú wọn, tó jẹ́ ìbátan kannakánná wa, ń jẹ́ kāka ní Sáńsíkíríìtì, kauā ní Híńdì, kākkā ní Támílì. Ẹyẹ koel, tó máa ń yé ẹyin sínú ìtẹ́ ìwò, ń jẹ́ kokila ní Sáńsíkíríìtì, koyal ní Híńdì, kuyil ní Támílì. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń kánjú yóò kọ wọ́n sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ tó ṣẹ̀ wá láti orísun kan. Ṣùgbọ́n Híńdì àti Támílì kì í ṣe ọmọ ìyá: ìdílé Indo-Aryan ni ti àkọ́kọ́, ìdílé Dravidian ni ti èkejì. Ẹyẹ náà fúnra rẹ̀ ni olùkọ́ àwọn méjèèjì. Ìdí nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ra nígbà tí a bá ń fi orúkọ ẹyẹ wá ìbátan láàárín èdè, títí kan kannakánná, tí ìró ohùn ẹyẹ náà hàn nínú orúkọ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo etí ló ń gbọ́ bákan náà. Ẹyẹ kan wà tí Híńdì ń pè ní papīhā. Nínú ooru, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, yóò ké ìró mẹ́ta, yóò tún un ké, ohùn rẹ̀ á máa gòkè bí ẹni ń gun àkàbà, títí yóò fi já lójijì. Á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, lọ́sàn-án, lóru. Àwọn tó ń sọ Híńdì ní ohun tó ń wí ni pī kahā̃: níbo ni olólùfẹ́ mi wà? Àwọn Bengali ní chokh gelo ni: ojú mi ti lọ. Àwọn Marathi gbọ́ pāūs ālā: òjò ti dé. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣàkóso ibẹ̀ nígbà náà, tí ooru kò jẹ́ kí wọ́n sùn, gbọ́ brain fever, ìyẹn ibà inú ọpọlọ, wọ́n sì sọ ẹyẹ náà ní bẹ́ẹ̀.

Ohùn ẹyẹ kò yí padà. Àgbẹ̀ tó ń retí òjò gbọ́ òjò. Àlejò tó ń bẹ̀rù àìsàn gbọ́ àìsàn. Kò yẹ kó ya àwa tí à ń gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu dùndún lẹ́nu. Ìró tó ń lọ sókè sódò ni ìlù fi sílẹ̀. Ẹni tó ń gbọ́ ló mú ọ̀rọ̀ wá, láti inú ohun tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Bí a bá fẹ́ mọ ohun tó jẹ ìlú kan lógún ní ìgbà kan, a lè bi wọ́n pé kí ni ẹyẹ wọn ń wí.

Nígbà mìíràn, ènìyàn ló ń yá ohùn ẹranko. Ní Delhi, ọ̀bọ pọ̀ ní àwọn ilé ìjọba. Wọ́n máa ń lo langur, ọ̀bọ ńlá onírù gígùn tí wọ́n ń fi Hanuman júbà, láti fi lé wọn, títí òfin fi sọ pé èèwọ̀ ni kí a so langur mọ́lẹ̀ fún iṣẹ́. Ní 2014, mínísítà kan sọ fún ilé aṣòfin pé wọ́n ti gba ọkùnrin 40 tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa ké bíi langur. Ẹ̀kọ́ ìró-èdè tí wọ́n kọ́ kò sí nínú ìwé kankan tí mo kà.

Ohun tí mo rántí jù lọ nípa ìwò ṣẹlẹ̀ lórí òrùlé ilé wa. Ọ̀sẹ̀ méjì wà lọ́dún, tí wọ́n ń pè ní Pitru Paksha, tí àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù máa ń fi oúnjẹ rántí àwọn òkú wọn. Wọ́n á gbé ìpín kan fún ìwò. Bí ìwò bá jẹ ẹ́, àwọn baba ti gbà á nìyẹn. Opó ni ìyá onílé mi. Ó gbé ìrẹsì àti wàrà sórí òrùlé fún ọkọ rẹ̀, ó sì fi ohùn ẹyẹ náà pè é: kāv, kāv. Ìwò kankan kò wá. A dúró títí oòrùn fi kan àtàrí. Ó ní nígbà tí òun ṣì jẹ́ ìyàwó titun, kí wọ́n tó gbé àwo kalẹ̀ ni ẹyẹ ti ń bà. Kò jẹun, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jẹun. Nígbà tí ìwò kan balẹ̀ níkẹyìn, tó gbé òkèlè kan fò lọ, obìnrin náà sunkún. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé bí ẹyẹ bá dín kù ní ìlú, kì í ṣe ẹyẹ nìkan ni ìlú náà pàdánù.

5. Igi tó wá bá wa nílé

Ní Índíà, ẹni tó fẹ́ rin ẹnu láàárọ̀ máa ń já ẹ̀ka igi nīm, bí àwa náà ṣe ń lo orín. Sáńsíkíríìtì pè é ní nimba. Orúkọ tí ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ fún un, Azadirachta indica, ti ọ̀dọ̀ àwọn ará Páṣíà wá: igi òmìnira ti Índíà. Wọ́n gbé e wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ó sì ta gbòǹgbò débi pé ọ̀pọ̀ ọmọ wa rò pé ìgbà ìwásẹ̀ ló ti wà níbí. Àwọn Yorùbá ní Nàìjíríà ń pè é ní dógóyárò, ọ̀rọ̀ tí a yá lọ́wọ́ Haúsá, dogon yaro, ọmọkùnrin gígùn. Àwọn Fọ̀n ń pè é ní kininutin: tin ni igi, kininu sì ni kìnínì, oògùn ibà. Èyí tún jẹ́ àpẹẹrẹ ohun tí mo ń sọ. Haúsá wo ìdúró igi náà, Fọ̀n wo ibà tó ń wò. Kò sí ẹni tó gba nīm mọ́ igi náà, nítorí pé igi ló dé ọ̀dọ̀ wa. Àwọn tó ń pè é bẹ́ẹ̀ kò bá a wá.

Ohun mìíràn tí kò bá a wá ni Shitala. Òun ni òrìṣà tí àwọn ará àríwá Índíà gbà pé ó ni ìgbóná, ewé nīm sì ni wọ́n máa ń fi kọ́ ẹnu ọ̀nà ilé tí aláìsàn wà. Orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí ẹni tútù. Lọ́dọ̀ tiwa, a kì í ṣàdédé dárúkọ Ṣọ̀pọ̀ná. Olóde ni à ń sọ, tàbí Ilẹ̀ gbígbóná. Ibì kan yà sí ibi tí oòrùn ti ń pa ilẹ̀, ibì kejì yà sí ibi tútù, ṣùgbọ́n ọgbọ́n adàpè kan náà ni: kí ẹnu má baà pe ohun tí ara kò lè gbà. Wọ́n kéde ní 1980 pé àrùn náà ti kúrò láyé. Orúkọ méjèèjì wà síbẹ̀, ojúbọ méjèèjì wà síbẹ̀. Orúkọ lè pẹ́ ju ohun tó ń jẹ́ ẹ lọ, èyí sì dùn mọ́ni nígbà tó bá jẹ́ àrùn ló lọ.

6. Igún

Ọ̀kẹ́rẹ́ ni kó ṣáájú. Kò sí ọgbà kan ní Índíà tí ọ̀kẹ́rẹ́ kékeré onílà lẹ́yìn kò sí. Wọ́n ní nígbà tí Rama ń kọ́ afárá lọ sí Lanka, ọ̀kẹ́rẹ́ yí ara rẹ̀ nínú iyanrìn, ó sì ń gbọn ọ́n sáàárín òkúta. Rama fi ìka mẹ́ta pa á lẹ́yìn láti dúpẹ́, ìlà mẹ́ta sì kù síbẹ̀. Ìtàn ẹnu ni. Kò sí nínú Rámáyánà tí Valmiki kọ. Lóòótọ́, ìlà mẹ́ta ni ti ọ̀kẹ́rẹ́ gúúsù. Ṣùgbọ́n ìlà márùn-ún ni ti Delhi, wọ́n sì ń sọ ìtàn ìka mẹ́ta náà níbẹ̀ láìkọsẹ̀. Nígbà tí mo ka ìlà náà fún ọmọ onílé mi, ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun kò kà á rí. Ìtàn ti rìn kọjá ibi tí ẹranko rẹ̀ ń gbé. Kò pa ẹnikẹ́ni lára, nítorí ọ̀kẹ́rẹ́ ṣì wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ kà á.

Ti igún kò rí bẹ́ẹ̀. Giddh ni Híńdì ń pè é, láti ara gṛdhra ti Sáńsíkíríìtì. Nínú Rámáyánà, Jatayu, igún arúgbó, ló bá Ravana jà nígbà tó ń jí Sita gbé, Rama sì sin ín bí ọmọ ṣe ń sin baba. Ní Mumbai, àwọn Parsi, tí àwọn baba wọn wá láti Páṣíà, máa ń gbé òkú wọn sínú ilé ìṣọ́ kan tí kò ní òrùlé, kí igún lè jẹ ẹ́, kí ilẹ̀ àti iná má baà di aláìmọ́. Ní gbogbo orílẹ̀-èdè náà, igún ló ń palẹ̀ òkú màlúù mọ́ ní ẹ̀yìn ìlú. Wọ́n pọ̀ débi pé kò sí ẹni tó ń kà wọ́n.

Lẹ́yìn 1990, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Láàárín 1992 sí 2007, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, Gyps bengalensis, dín kù ju ìdá 99 nínú 100 lọ. Ní 2004 ni ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Pakistan fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé diclofenac ló fà á, oògùn ara ríro tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀. Wọ́n ń fún màlúù. Bí màlúù bá kú tí igún sì jẹ ẹ́, kíndìnrín igún náà á bàjẹ́. Ní 2006, ìjọba Índíà fi òfin de lílo rẹ̀ fún ẹran ọ̀sìn. Nígbà náà, ajá ìgboro ti gba ibi òkú ẹran. Àwọn Parsi gbé ohun tó ń kó ìtànṣán oòrùn jọ sórí ilé ìṣọ́ wọn, kó lè ṣe iṣẹ́ tí ẹyẹ ń ṣe.

Mo bi ọmọ ọdún méjìlá kan ní àdúgbò wa pé kí ni giddh. Ó ní ẹni tó ń dúró de ikú ẹlòmíràn kó lè jẹ ogún rẹ̀ ni. Mo ní ṣé ẹyẹ ńkọ́? Ó ní òun ti rí i nínú àwòrán. Ọ̀rọ̀ náà kò kú. Èébú inú rẹ̀ ló kù. Jatayu tó fi ẹ̀mí rẹ̀ gba obìnrin sílẹ̀ ti bọ́ kúrò nínú ìtumọ̀ rẹ̀, àti ẹni tó ń gbálẹ̀ ìlú láìgba owó.

7. Ìkádìí: lójú ọ̀nà Kétu

Nígbà tí mo padà sílé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó orúkọ ẹyẹ jọ ní ẹ̀ka-èdè Kétu. Ọdẹ àgbàlagbà kan jókòó tì mí fún ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta. Nígbà tí a dé orí igún, ó dákẹ́ díẹ̀. "Ọmọ mi, wọ́n máa ń bà sí ibi tí wọ́n ti ń pa ẹran," ni ó wí. "Nígbà wo lẹ ti rí i gbẹ̀yìn, Bàbá?" Ó ka ọdún lórí ìka, ó sì pa ọwọ́ náà dé. Ní ọjọ́ kejì mo bi àwọn ọmọ ilé ìwé. Ọ̀kan nínú wọn dáhùn kíá pé igún ni ẹyẹ inú òwe.

Òwe tó ní lọ́kàn ni pé gúnnugún kì í kú léwe. Gbogbo wa la fi ń gbàdúrà. Ṣùgbọ́n láti 2015 ni wọ́n ti ka igún tiwa, èyí tí à ń rí ní àárín ìlú, mọ́ àwọn ẹyẹ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ run. Oògùn màlúù nìkan kọ́ ló ń pa á níhìn-ín. Wọ́n ń ta orí rẹ̀ àti ìyẹ́ rẹ̀ ní ọjà oògùn ìbílẹ̀. Òwe wa ń wí ohun kan, ọjà wa ń ṣe òmíràn.

Ìmọ̀ràn mi sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń múra àti lọ kó ọ̀rọ̀ jọ kò ju mẹ́ta lọ. Ẹ má ṣe fi àwòrán inú ìwé béèrè orúkọ ẹyẹ tí ẹ bá lè jáde lọ wò ó. Ẹni tó ń wò ó máa ń rántí ju orúkọ lọ. Ẹ kọ ohun tí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ní ẹyẹ náà ń wí sílẹ̀, nítorí a ti rí i pé Híńdì, Bengali àti Marathi kò gbọ́ ohun kan náà. Níwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ọdún tí ẹni tó sọ ọ́ fún yín rí ohun náà gbẹ̀yìn. Nínú ìwé tèmi, níwájú igún, mo kọ ọjọ́ orí ọdẹ náà àti iye ìka tó kà. Àyè tó kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ṣófo. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ de ẹni tó bá tún rí i.